Ọdún Tí Ọ̀nà Sé Mọ́ Wa

Bí ẹnikẹ́ni bá bi àwa ọmọ apá ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ogún ọdún ní 2020, pé kí ni a rántí nínú ọdún kórónà, ìbòmú kọ́ ni a máa kọ́kọ́ dárúkọ. Máńgòrò ni. Ó so lọ́dún náà débi pé ẹ̀ka ń tẹ̀ wálẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kí ọba. Lóru, tí gbogbo àdúgbò bá ti dákẹ́, tí kò sí mọ́tò kankan lójú títì, ẹ ó kàn gbọ́ tí ọ̀kan já lu páànù, gbàà! Ajá á gbó. Ẹnì kan á sì kígbe láti inú yàrá rẹ̀ pé, "Tèmi nìyẹn o!" Bí ilẹ̀ bá mọ́, ìjà dé nìyẹn, nítorí ẹni tó kígbe lóru kọ́ ni ẹni tó kọ́kọ́ jí.

Abẹ́ igi yẹn ni wọ́n ti fi ẹ̀kọ mímu wò wá dàgbà, síbẹ̀ a ti gbàgbé ìgbà tí èso rẹ̀ ń pọ́n. Oṣù kẹrin sí oṣù karùn-ún ni, ìgbà tó jẹ́ pé inú ọgbà yunifásítì ló máa ń bá wa. Máńgòrò tí a mọ̀ láti bí ọdún mẹ́rin ni èyí tí wọ́n tò ní mẹ́rin-mẹ́rin sórí àwo lẹ́nu géètì ọgbà Ifẹ̀, tí a ó ná títí, tí a ó sì fi sílẹ̀. Èyí tó wà lẹ́yìnkùlé wa, ewúrẹ́ ló ń jẹ ẹ́.

Ó yẹ kí n sọ irú ẹni tí àwa jẹ́. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996 ni wọ́n yọ ìpínlẹ̀ Èkìtì kúrò lára Oǹdó. Ọ̀pọ̀ nínú wa, ọdún yẹn gan-an, tàbí ọdún kan ṣáájú rẹ̀, tàbí méjì lẹ́yìn rẹ̀, ni wọ́n bí wa. Ìpínlẹ̀ àti àwa jọ rá, a jọ tẹ̀ ni. Nígbà tí fóònù alágbèéká dé ní 2001, a ṣì ń fi iyẹ̀pẹ̀ se ọbẹ̀. Àwọn òbí wa, yálà tíṣà ni wọ́n tàbí àgbẹ̀ kòkó tàbí ìyá ọlọ́jà, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n jọ fẹnu kò lé lórí: kí ọmọ kàwé, kí ó sì lọ. Wọn kì í sọ apá kejì yẹn síta, ṣùgbọ́n inú apá kìíní ló wà. Wọ́n a máa ní kò sí agboolé tí kò ní ọ̀jọ̀gbọ́n ní Èkìtì. Ẹ bi wọ́n pé níbo ni ọ̀jọ̀gbọ́n náà ń gbé. Kò sí nínú agboolé. Ọ̀nà Adó, ọ̀nà Ifẹ̀, ọ̀nà Ìlọrin, ọ̀nà Èkó, lẹ́yìn náà ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú. Bí ilé ṣe di ibi tí à ń wá nígbà Kérésìmesì nìyẹn, tí a ó sùn ọjọ́ mẹ́rin, tí a ó jẹ itan adìyẹ, kí a tó tún lọ dúró de mọ́tò ní Ìtawúre.

Ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020 ni wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tó ní àrùn náà ní Nàìjíríà, ọmọ ilẹ̀ Ítálì kan tó bá bàálù wọ Èkó. A ní Èkó jìnnà. Ọjọ́ 9 oṣù kẹta, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ọ̀sẹ̀ méjì, mo di aṣọ mẹ́ta sínú àpò kékeré kan, mo wá sí Arámọ̀kọ, ìlú wa, láti wá jẹ iyán ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́ 18, wọ́n ní ó ti dé Èkìtì: awakọ̀ kan tó gbé àlejò tó ti Amẹ́ríkà wá ni àyẹ̀wò mú, àlejò náà sì ti kú. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n tú àgọ́ àwọn agùnbánirọ̀ ká, tí ọ̀rẹ́ mi kan fi bàtà funfun rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Ìjerò, tí àwọn ọmọdé ń kí i ní sójà. Ọjọ́ 23, ASUU ní ìyanṣẹ́lódì náà kò ní gbèdéke mọ́. Nígbà tó fi di òru ọjọ́ 30, Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí ti ní kí wọ́n ti ẹnu ibodè ìpínlẹ̀, kónílé ó gbélé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n pè é. Ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn gun orí rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ń tú u díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń tú okùn ewúrẹ́ tí kò dá lójú. Ti ASUU ní tirẹ̀, ó di oṣù kejìlá kí wọ́n tó dá a dúró. Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi wọ aṣọ mẹ́ta yẹn.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé láti ọjọ́ kìíní ni ilé ti dùn. Èèyàn mẹ́jọ nínú ilé kan, ojú ihò iná kan ṣoṣo tó ṣe é gbára lé, fóònù mẹ́fà. Ta ló yọ tèmi? Ta ló jẹ gààrí tó kù? Àbúrò mi ọkùnrin tó fẹ́ràn Chelsea ju bàbá tó bí i lọ kò ní bọ́ọ̀lù wò mọ́, nítorí wọ́n ti dá bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dúró láti àárín oṣù kẹta. Ó wá sọ iye àwọn tó kó àrùn, tí NCDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn, ń gbé jáde lálaalẹ́, di èsì bọ́ọ̀lù. Á dúró sáàárín pálọ̀, á máa kà á: Èkó báyìí, Kánò báyìí, Ọ̀ṣun báyìí, Èkìtì òdo! Ó ń pàtẹ́wọ́. Màmá àgbà á ní kí ló ń dùn mọ́ ọn nínú. Kò gbà pé àrùn náà wà. Ó ní bí àìsàn bá wọ̀lú, ó yẹ kí a máa gbọ́ ẹkún. Òun kò tíì gbọ́ ẹkún, rédíò nìkan ni òun ń gbọ́. Ìgbà tí wọ́n kéde ní oṣù keje pé àyẹ̀wò ti mú gómìnà fúnra rẹ̀ ló tó mi orí. "Bó bá ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ní kí a má jáde," ó ní, "a jẹ́ pé kò yọ ẹnìkan sílẹ̀."

Ìbòmú, tí ìjọba sọ di dandan, Màmá àgbà lò ó. Tẹ́lọ̀ tó wà níwájú ilé wa ti fi àjẹkù àǹkárá ìgbéyàwó rán ọ̀pọ̀ rẹ̀, èèyàn á sì rí odidi ẹbí kan tí ìbòmú wọn bára mu bí aṣọ ẹbí. Ti Màmá àgbà, àgbọ̀n ló ń gbé. Ó fi apá kan rẹ̀ di owó.

Ohun tó kọ́kọ́ tu mí lára ni ayò. Bàbá àgbà ní ọ̀rẹ́ kan ní òdìkejì títì, wọ́n ti jọ ń ta ayò ní ìrọ̀lẹ́ láti ìgbà tí wọn kò tíì bí bàbá mi. Àwọn ọmọ ọ̀rẹ́ náà, tí wọ́n wà lókè òkun, fi fóònù kìlọ̀ pé bí bàbá àwọn bá jáde, àwọn yóò mọ̀. Báyìí ni àwọn àgbàlagbà méjì ń jókòó ní ọ̀ọ̀dẹ̀ wọn, tí wọ́n ń juwọ́ síra wọn lórí títì tí kò sí mọ́tò. Bàbá àgbà fara dà á fún ọjọ́ márùn-ún. Ní ọjọ́ kẹfà, ó fa ọpọ́n jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fi etí ṣòkòtò nu eruku rẹ̀, ó wo gbogbo wa lọ, ó wo gbogbo wa bọ̀. Àwọn ọkùnrin ilé ń wo fóònù. "Ìwọ," ó ní fún mi, "wá jókòó."

Obìnrin ni mí. Ní ilé wa, kò sẹ́ni tó ti fi ayò lọ̀ ọmọbìnrin rí, kì í sì í ṣe pé wọ́n kọ̀ fún wa. Kò kàn wá sí wọn lọ́kàn. Ihò méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, méjìdínláàádọ́ta lápapọ̀. Bí ọmọ ayò tí o fi gbẹ̀yìn bá sọ ilé ẹnìkejì di méjì tàbí mẹ́ta, o jẹ. Ìyẹn ò gba ìṣẹ́jú márùn-ún láti kọ́. Èyí tó kù gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà ni mo sì fi jẹ́ òpè. Ẹni tí kò bá tíì gbọ́ èébú ayò kò mọ̀ pé àgbàlagbà tó ń gbàdúrà ní kùtùkùtù lè ní irú ẹnu bẹ́ẹ̀. Ó pè mí ní òpè, ó pe ìwé tí mo kà ní òpè, ó bèèrè bóyá ìṣirò ni mo ń kọ́ ní Ifẹ̀ àbí ijó. Ẹ̀rín á pa mí títí n ó fi da ọmọ ayò nù, ìyẹn náà á tún di ẹ̀ṣẹ̀.

Òfin kan wà nínú eré náà tí n kò gbàgbé. Bí ilé ẹnìkejì rẹ bá ṣófo pátá, o kò gbọdọ̀ máa ta tìrẹ lọ bí ẹni tí kò rí i. O ní láti fún un lọ́mọ, kí òun náà rí nǹkan ta. Mo bi Bàbá àgbà pé kí ló dé tí a ó fi bọ́ ẹni tí a fẹ́ nà. Ó ní, "Bó ò bá bọ́ ọ, ta ni wàá bá ta?"

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo nà án. Ó wo ọpọ́n. Ó ka ọmọ ayò tèmi, ó tún un kà. "Iná ò mọ́lẹ̀ dáadáa níbí," ó ní. Aago méjì ọ̀sán ni, oòrùn sì ń tàn sí wa lójú. Mo dìde, mo sáré jáde sójú títì, mo kígbe sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní òdìkejì pé mo ti na ọ̀ta ayò. Baba náà dìde dúró, ó fi ọ̀pá lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ti gba ìwé ẹ̀rí lẹ́yìn ìgbà náà, mo ti gba lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́. Kò sí èyí tí inú mi dùn sí tó bẹ́ẹ̀.

Nílé àwọn ẹlòmíràn, odó ni. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ Èkìtì mọ̀ pé ohùn odó ni aago ìlú, ṣùgbọ́n lọ́dún náà ó yàtọ̀. Tẹ́lẹ̀, àwọn ìyá àti ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń gún un, nítorí àwọn tó ní apá ti lọ sí ìlú ńlá. Ní oṣù kẹrin 2020, gbogbo apá wà nílé. Láti bí aago mẹ́wàá àárọ̀, agboolé kan á bẹ̀rẹ̀, èkejì á gbè é, ẹ̀kẹta á sì wọlé, ọmọ odó méjì, ọmọ odó mẹ́ta nínú odó kan, títí Arámọ̀kọ yóò fi máa dún bí ìgbà tí wọ́n ń lu ìlù. Àwọn ọmọkùnrin tí kò mọ̀ ju búrẹ́dì àti indomie lọ bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Àbúrò mi gún ti àkọ́kọ́, kókó kún inú rẹ̀ bí òkúta; bàbá mi jẹ ẹ́ láìsọ̀rọ̀, ó kàn ń yọ kókó sí ẹ̀gbẹ́ àwo, ó tò wọ́n ní ìlà. Ní ọjọ́ kejì, ọmọkùnrin náà kò sọ̀kalẹ̀ lórí odó títí iyán fi ń dán. Ògbólógbòó iṣu ni, kò sí omi nínú rẹ̀, ó sì gbà. Nígbà tó di oṣù kẹfà tí iṣu ti wọ́n, ẹ̀bà ló kù. A ò pàtẹ́wọ́ fún ẹ̀bà.

Ohun kan wà tó bá odó rìn. Màmá àgbà kì í sọ pé "iyán". "Uyán" ló ń pè é, "uṣu" ló ń pe iṣu, "ulé" sì ni ilé. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àwọn àgbà wa ń sọ ọ́. Ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti nà wá nítorí "u" yìí, wọ́n ní ó ń ba Yorùbá wa jẹ́. Ní Ifẹ̀, àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ fi wá rẹ́rìn-ín títí a fi lé e kúrò lẹ́nu. Nígbà tó wá di pé láti òwúrọ̀ dé alẹ́, àwọn arúgbó ni à ń bá sọ̀rọ̀, ó padà wá fúnra rẹ̀, a ò pè é. Mo gbọ́ tí mo ń sọ fún ẹnì kan lórí fóònù pé mo wà ní "ulé". Ẹni náà ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.

Ìjọba ìpínlẹ̀ ti gbé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ iléèwé lọ sórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní oṣù kẹrin. Ohun tó dára ni, mi ò ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú, ṣùgbọ́n bátìrì rédíò náà ń jẹ owó. Àbúrò mi obìnrin kékeré á jókòó síwájú rédíò pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsù, tíṣà á ní, "Ó yé yín àbí kò yé yín?" òun náà á dáhùn pé kò yé òun. Rédíò á tẹ̀síwájú. Láti ọjọ́ yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀ nílé wa tí wọn kò sì dá a lóhùn, ohun tí a ń sọ ni pé rédíò ni.

Ní Ẹ̀fọ̀n Alààyè, níbi tí òkè ti yí ìlú ká tí kùrukùru sì ń bò wọ́n mọ́lẹ̀ láàárọ̀ ìgbà òjò, ìṣòro tiwọn ni níẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Ọ̀rẹ́ mi kan níbẹ̀, iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣe fún àwọn ará Èkó kan, wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ dúró. Orí òkè nìkan ni ó ti ń rí i gbà. Òkè kan náà sì ni àwọn àgbà ìjọ ti ń gbàdúrà láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ó ní bí òun bá gòkè ní aago mẹ́fà àárọ̀, ìyá kan á wà ní apá ọ̀tún tó ń pe Jèhófà, ọmọkùnrin kan á wà ní apá òsì tó ń fa ìbéèrè ìdánwò WAEC ọdún tó kọjá sórí fóònù, òun náà á wà láàárín tó gbé kọ̀ǹpútà lé itan. Gbogbo wọn ta kété síra wọn bí ìjọba ṣe wí. Gbogbo wọn ni wọ́n sì ń wo òkè. Ní ọjọ́ kan tí fídíò kan kọ̀ tí kò lọ, ìyá náà yí padà, ó ní, "Ọmọ mi, kí lorúkọ ohun tó ò rí gbà yẹn, kí n bá ọ fi kún un."

N kò mọ̀ bóyá ìyá náà mọ̀ pé àjàkálẹ̀ àrùn ló bí irú àdúrà tí òun ń gbà. Nígbà tí ọ̀fìnkìn ńlá àgbáyé bá ọkọ̀ ojú omi wọ Èkó ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé láti gbàdúrà fún ìwòsàn. Joseph Ṣadare àti ọ̀dọ́bìnrin tó ń jẹ́ Sophia Ọdúnlámì wà lára wọn. Láti inú ẹgbẹ́ àdúrà yẹn ni ọ̀nà ti là dé ọ̀dọ̀ àwọn tí Àpọ́sítélì Joseph Ayọ̀ Babalọlá dara pọ̀ mọ́, òun tí ìsọjí rẹ̀ gba Òkè Oòyè ní Iléṣà ní 1930 kó tó gòkè wá sí Ẹ̀fọ̀n, tó fi ibẹ̀ ṣe ilé. Ó kú ní 1959, Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n sin ín sí. Nítorí náà, òkè tí ọ̀rẹ́ mi ń gùn nítorí níẹ́tíwọ̀ọ̀kì, àrùn kan ló ti kọ́kọ́ lé èèyàn débẹ̀. Mo sọ ọ́ fún un lórí fóònù. Ó ní kí n má sọ̀rọ̀ pẹ́, dátà òun ń lọ.

Àjíǹde bọ́ sí ọjọ́ 12 oṣù kẹrin, ilé ìjọsìn sì wà ní títì. Bàbá mi wàásù ní pálọ̀. Ó wọ kóòtù. Ó ṣe é bí ẹni pé ẹgbẹ̀rún èèyàn ló jókòó, ó sì ní kí a dá owó ọrẹ, a dá a, àbúrò mi kékeré tó jẹ́ akápò gbé e sá lọ. Àwọn Mùsùlùmí àdúgbò wa náà kírun Ìtúnu ààwẹ̀ nílé lóṣù tó tẹ̀ lé e. Wọ́n gbé ìrẹsì wá fún wa bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n orí bíríkì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n gbé e lé, wọ́n kan ilẹ̀kùn, wọ́n sá sẹ́yìn. A dúró síbẹ̀, àwa ní ibí, àwọn lọ́hùn-ún, à ń kí ara wa tẹ̀rín-tẹ̀rín bí àwọn tó ń ta ọjà tí kò bófin mu.

Wàyí o. Mo ti ń gbọ́ tí àwọn kan nínú ẹgbẹ́ mi, pàápàá àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Toronto báyìí, ń fi ẹnu dídùn sọ̀rọ̀ ọdún yẹn, bí ẹni pé ìsinmi ni ẹnì kan rà fún wa. Mi ò bá wọn dúpẹ́ lọ́wọ́ kórónà. Ilé tí a ti ń gbádùn yẹn, ẹnì kan ló ń ru ú.

Ìyá ọ̀rẹ́ mi agùnbánirọ̀ ní Ìjerò, oúnjẹ ló ń tà fún àwọn awakùsà tí wọ́n ń wa òkúta iyebíye àti tánǹganran ní ẹ̀yìn ìlú. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe ọmọ ìlú; nígbà tí ọ̀rọ̀ títi ibodè bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti tètè sá lọ sí ilé wọn, gbèsè oúnjẹ ti àwọn kan sì wà nínú ìwé ìyá náà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í din ẹ̀wà tó ti rà sílẹ̀ ní àkàrà fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi sọ fún wa nígbà náà, lórí WhatsApp, pé àkàrà ni àwọn ń jẹ láràárọ̀, pé ìgbádùn ti pọ̀ jù. Gbogbo wa ni a kí i kú oríire. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ló tó yé e pé owó ọjà ni àwọn ń jẹ. Ìyá rẹ̀ kò sọ̀rọ̀. Ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń jẹ, ó sì ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín tiwa àti ti àwọn ìyá wa nìyẹn. Àwa, ìyanṣẹ́lódì ló gbé wa jókòó, kò sẹ́ni tó ń retí owó lọ́wọ́ wa. Àwọn, ọjọ́ ọjà kan tó bá kọjá, ó ti kọjá nìyẹn. Wọ́n ní oúnjẹ ìrànwọ́ ń bọ̀, ohun tí gbogbo èèyàn kọ́ láti máa pè ní pálíátífù. Èyí tó dé àdúgbò wa, ìrẹsì ni, nínú ọ̀rá kékeré. A pín in, èyí tó kan ilé wa kò kún dẹ̀rìká kan. Nígbà tó di oṣù kẹwàá tí àwọn èèyàn já ilé ìkẹ́rùsí ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, Èkìtì pẹ̀lú, tí a rí àpò oúnjẹ tí wọ́n tò dé àjà, òfin ayò ni mo rántí. Bàbá àgbà náà rántí rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn fi ìka kan ihò tó ṣófo lórí ọpọ́n.

Síbẹ̀ kò gbà kí a máa ráhùn. Ìyá rẹ̀, ọmọ Òkèmẹ̀sí ni, ìlú Fábùnmi jagunjagun, àwọn ará ibẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí ọjọ́ kan kọjá láìdárúkọ ogun Kírìjì tí Èkìtì bá Ìbàdàn jà. Ó ní láti 1877 títí di 1893 ni àwọn baba ìyá òun fi wà ní bùdó, ọdún mẹ́rìndínlógún, wọ́n ń dáko níbẹ̀, wọ́n ń gbéyàwó níbẹ̀, wọ́n ń bímọ níbẹ̀. Ẹ̀yin lo oṣù méjì, ẹ ní ojú ń ro yín. Àbúrò mi bi í pé ṣé wọ́n ń ta ayò ní bùdó. Ó ní kí ni wọn ì bá tún máa ṣe bí ìbọn bá dákẹ́.

Ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ, WAEC bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe é sì wọ aṣọ iléèwé tó ti kéré sí wọn. Mọ́tò ti padà sójú títì. Ní Ìtawúre, àwọn tó ń ta bọ̀ọ̀lì tún ń sáré tọ ọkọ̀. Ní Ìkógòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé, àwọn àlejò láti ìlú ńlá tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ya fọ́tò. Ìbátan mi kan níbẹ̀ ní nǹkan kan ṣoṣo tí òun yóò máa fi rántí kónílé-ó-gbélé ni pé òun gbọ́ ìró omi náà láìsí ohùn èèyàn. Ọmọ ìlú náà ni, ó sì ti lé ní ogún ọdún kó tó gbọ́ ọ.

Ní oṣù kejìlá, mo di aṣọ mẹ́ta mi. Wọ́n ti ṣá. Bàbá àgbà kò bá mi dé ibùdókọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti jáde wá ní òdìkejì títì, wọ́n ti jókòó sídìí ọpọ́n, wọ́n sì ní gbèsè oṣù mẹ́sàn-án láti san fún ara wọn. Ó kàn gbójú sókè, ó ní, "Òpè, ó dàbọ̀."

Àwa tí a jọ wà nílé nígbà náà, ẹ ò ní bá wa níbẹ̀ mọ́. Èmi wà ní Èkó. Ti Ẹ̀fọ̀n wà ní Manchester, níẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò wọ́n ọn mọ́. Ti Ìjerò ń kọ́ni ní Àbújá. Àbúrò mi tó ń gún iyán wà ní ibi tí wọn kò ti jẹ́ kí ayálégbé gbé odó wọlé, ìyẹ̀fun iṣu ló ń rò, ó ń pè é ní iyán, a ò sì bá a jiyàn. Bàbá àgbà sùn ní 2022, ọjọ́ ogbó ló kó o lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé oṣù mẹ́rin sí i.

Wọ́n gé igi máńgòrò náà lọ́dún tó kọjá nítorí pé gbòǹgbò rẹ̀ ti ń fọ́ fẹ́ǹsì. Ọpọ́n ayò wà lọ́dọ̀ mi. Ọmọ ayò méjì ti sọ nù nínú méjìdínláàádọ́ta náà, òkúta wẹ́wẹ́ ni mo fi rọ́pò wọn.